Lẹ́tà ṣíṣí sí FCCPC: Ẹ jẹ́ kí páálí fóònù máa sọ ohun tó wà nínú fóònù

Sí ọ̀gá àgbà àti gbogbo òṣìṣẹ́ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ní Abuja.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọjà tí kì í tán. Àwa tó ń kọ̀wé sí yín yìí ni aráàlú ń gbé fóònù wá bá nígbà tó bá bàjẹ́: àwa là ń tú u, tí à ń lẹ bọ́ọ̀dù rẹ̀, tí à ń pààrọ̀ sikirín àti bátìrì. Ohun kan ṣoṣo la wá tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹ lo agbára tí òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún yín, kí gbogbo ẹni tó bá ń ta fóònù ní Nàìjíríà máa kọ ohun tó wà nínú fóònù náà sára páálí rẹ̀ kí oníbàárà tó sanwó. Orúkọ fóònù nìkan kò tó mọ́. Orúkọ kan lè wà lára fóònù méjì tí inú wọn kò bára mu rárá.

Ẹ̀sùn méjì ló wọ́pọ̀ lẹ́nu oníbàárà. Èkíní ni pé fóònù tí ilé-iṣẹ́ ti kéde kò dé lásìkò. Èkejì ni pé fóònù òun àti ti ọ̀rẹ́ òun, orúkọ kan náà ni, owó kan náà ni wọ́n san, síbẹ̀ ti ọ̀rẹ́ ń sáré, ti òun ń wọ́. Ariwo ti àkọ́kọ́ ló máa ń pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ti ìkejì gan-an ló ń jẹ owó wọn gbé. Ẹ jẹ́ ká fi ti àkọ́kọ́ ṣíwájú.

Kí ilé-iṣẹ́ dúró kó tó kó fóònù jáde kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 2016 ni Galaxy Note 7 ti Samsung wọ ọjà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ ní kí àwọn tó rà á máa dá a padà, nítorí pé bátìrì rẹ̀ ń gbiná. Wọ́n fi bátìrì ilé-iṣẹ́ mìíràn rọ́pò, ìyẹn náà ń gbiná, nígbà tó sì di ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá wọ́n dáwọ́ ṣíṣe fóònù náà dúró pátápátá. Nígbà tí Samsung ṣàlàyé ní oṣù Kìíní ọdún 2017, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ hàn gbangba. Nínú bátìrì àkọ́kọ́, àpò bátìrì kò fàyè sílẹ̀ tó ní igun òkè lápá ọ̀tún, ìpele nẹ́gẹ́tíìfù bá tẹ̀ kọrọdọ níbẹ̀. Nínú ti ìkejì, ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ yọ ṣóńṣó, ó gún awọ tín-ín-rín tó ya pósítíìfù kúrò lára nẹ́gẹ́tíìfù. Àwọn kan nínú wọn kò tilẹ̀ ní téèpù ààbò tó yẹ kó wà níbẹ̀. Bí pósítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù bá ti fara kanra nínú bátìrì lithium, ooru ń bí ooru ni, iná ló sì ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà hùwà tó yàtọ̀. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta Galaxy Fold, fóònù tó ń ká. Àwọn oníròyìn tí wọ́n kọ́kọ́ fún lò rí i pé sikirín rẹ̀ ń kú. Àwọn kan ti ṣí awọ ojú rẹ̀ kúrò, wọ́n rò pé ọ̀rá tí à ń bó dànù lára fóònù tuntun ni. Lára ti àwọn mìíràn, ẹ̀gbin ti gba ibi íǹjì wọlé sábẹ́ sikirín. Samsung dá ọjà dúró. Wọ́n na awọ ojú náà wọ abẹ́ férémù kí èékánná má bàa rí etí rẹ̀ gbá mú, wọ́n fi ìdérí dí òkè àti ìsàlẹ̀ íǹjì, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kún abẹ́ sikirín, wọ́n sì dín àlàfo tó wà láàárín íǹjì àti ara fóònù kù. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ló tó jáde ní Kòríà. Oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀ yẹn ló sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè fowó rà.

Kí fóònù tó dé ọjà, ipele ìdánwò mẹ́ta ló ń là kọjá, EVT, DVT àti PVT ni àwọn ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ ń pè wọ́n. Ní ti àkọ́kọ́, wọ́n ń wò ó bóyá bọ́ọ̀dù àti gbogbo chip orí rẹ̀ gbọ́ ara wọn yé. Ní ti ìkejì, wọ́n ń jẹ́ kó já bọ́ sílẹ̀ léraléra, wọ́n ń gbé e sínú ooru àti òtútù, wọ́n ń ki ṣájà bọ̀ ọ́ wọ́n ń yọ ọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ní ti ìkẹta, ẹ̀rọ tí yóò ṣe ti ọjà gan-an ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á sì ka iye tó dára nínú 100. Bí 60 bá dára tí 40 bàjẹ́, ọ̀nà méjì ló kù: kí wọ́n dúró títí iye tó dára yóò fi gbéra sókè, tàbí kí wọ́n dẹ òṣùwọ̀n sílẹ̀ kí èyí tí kò kún ojú òṣùwọ̀n náà lè kọjá. Fóònù tó gba ọ̀nà kejì kọjá ni à ń bá pàdé lórí tábìlì wa kí ọdún tó yípo. Nítorí náà, ẹ má bá wa bá ilé-iṣẹ́ tó dúró jà. Apple kéde iPhone X ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ó sọ lójú ẹsẹ̀ pé ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ni yóò jáde, ọjọ́ náà ló sì jáde. Ìdádúró tí wọ́n ti dá ọjọ́ rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Èyí tó ń pa oníbàárà wa lára ni ìdádúró tí kò lọ́jọ́. Wọ́n á kéde fóònù ní òkè òkun, kò sẹ́ni tó máa sọ ọjọ́ tí yóò dé Èkó, ṣùgbọ́n òǹtajà á ti máa gba àsansílẹ̀. Oṣù kan á di méjì. Náírà á já, wọ́n á ní kí oníbàárà fi owó kún un. Òfin yín ti sọ pé oníbàárà lè fagi lé ohun tó ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ta ló ń sọ fún un lórí káńtà? Ohun tí a fẹ́ níbí kò ṣòro: kí ìwé àsansílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí ọjà yóò dé àti iye owó tí kò ní yí padà, kó sì wà níbẹ̀ ní dúdú lórí funfun pé bí ọjọ́ bá yẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ padà yóò gbà á láàárín ọjọ́ 7.

Ohun mìíràn wà nínú ìdádúró tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Ọdún tí ilé-iṣẹ́ yóò fi máa fi update ààbò ránṣẹ́ sí fóònù, kì í ṣe ọjọ́ tí o rà á ni wọ́n ti ń kà á. Google ń ka ti Pixel, fóònù tirẹ̀, láti ìgbà tó kọ́kọ́ wà fún títà ní ilé ìtajà Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà. Pixel 8 jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ọdún 7 ni wọ́n ṣèlérí fún un, oṣù Kẹwàá ọdún 2030 sì ni yóò parí, ì báà ṣe àná lo rà á. Pixel 6 jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021 pẹ̀lú ọdún 5. Ẹni tó ra Pixel 6 tòkunbọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìgbà tó ṣẹ́ kù fún un kò pé ọdún méjì, bẹ́ẹ̀ kò sí ohunkóhun lára fóònù náà tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Orí fóònù yìí ni app báńkì rẹ̀ wà. Orí rẹ̀ ni OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́, ń wọlé sí. Bí update ààbò bá ti dúró, ihò tí àwọn ọ̀daràn bá rí nínú Android lẹ́yìn ọjọ́ náà kò ní dí mọ́ lára fóònù yẹn. Oṣù kọ̀ọ̀kan tí fóònù bá sì fi pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, oṣù ààbò ló jẹ lọ.

Ó wá kan ohun tó gbé wa kọ̀wé.

Ẹ mú Galaxy S24 ti ọdún 2024. Èyí tí Samsung tà ní Amẹ́ríkà, chip tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ni Snapdragon 8 Gen 3, nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni SM-S921U. Èyí tó tà ní Yúróòpù, Exynos 2400 ti Samsung fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, SM-S921B sì ni. Bákan náà ni S22 ti ọdún 2022 rí, Exynos 2200 fún Yúróòpù, Snapdragon 8 Gen 1 fún Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n S23 tó wà láàárín àwọn méjèèjì, Snapdragon nìkan ni níbi gbogbo. Tí a bá padà sí S20 ti ọdún 2020, Exynos 990 tó wà nínú ti Yúróòpù ń gbóná ju Snapdragon 865 lọ, ó sì ń jẹ bátìrì jù ú lọ. Kódà ní Kòríà, tó jẹ́ ilé Samsung gan-an, Snapdragon ni wọ́n fi sínú S20. Ní ọjà wa, tòkunbọ̀ tó ti London wá àti tòkunbọ̀ tó ti Houston wá lè dúró ti ara wọn lórí káńtà kan náà ní Computer Village, ní Ìkejà, àwọ̀ kan náà, orúkọ kan náà. Ọ̀pọ̀ òǹtajà kò tilẹ̀ mọ̀ pé inú wọn yàtọ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹ lọ máa mú wọn bí olè. Ẹ̀yìn lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì ni òótọ́ fara pamọ́ sí.

Ti chip ṣì yé àwọn tó bá ń ka nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì. Ti ibi ìpamọ́, níbi tí fóònù ń kó app, fọ́tò àti fídíò sí, le jù ú lọ, nítorí pé nọ́ńbà kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn tó ra Huawei P10 bẹ̀rẹ̀ sí í fi app díwọ̀n bí ibi ìpamọ́ fóònù wọn ṣe ń yára sí. Ti àwọn kan ń ka dátà tó ju 700 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti àwọn mìíràn kò tó 300. Fóònù kan náà ni, owó kan náà, chip ìpamọ́ wọn ni kò dọ́gba: UFS 2.1 wà nínú òmíràn, UFS 2.0 wà nínú òmíràn, eMMC 5.1, irú chip ìpamọ́ tó lọ́ra jù wọ́n lọ, wà nínú ìyókù. Richard Yu, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka fóònù Huawei nígbà náà, sọ ọ́ ní gbangba pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ní àìtó chip ìpamọ́ lágbàáyé ló fà á. Àìtó chip kì í ṣe irọ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí ẹni tí wọ́n sọ fún kó tó sanwó.

Ìyàtọ̀ eMMC àti UFS kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. eMMC kò lè kà kó sì kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ń kọ fọ́tò sílẹ̀, app tó fẹ́ ka nǹkan gbọ́dọ̀ dúró de é. UFS ń ṣe méjèèjì pọ̀. Iyára tó ga jù tí ojú ọ̀nà eMMC 5.1 lè gbà ni 400 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí a máa ń rí nínú fóònù olówó pọ́ọ́kú kò sì dé ibẹ̀. Nígbà tí fóònù bá ṣì jẹ́ tuntun, oníbàárà kò ní mọ̀. Tí ibi ìpamọ́ bá ti fẹ́ẹ̀ kún, tí WhatsApp ti kó fídíò jọ, ìgbà náà ni fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í há: o tẹ káyínboọ̀dù, lẹ́tà ò jáde, o ṣí kámẹ́rà, ojú rẹ̀ dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Wọ́n á gbé e wá fún wa pé ká yọ fáírọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀.

Èyí ló gbé wa dé orí ohun tó ń dùn wá jù lọ nínú ọjà Nàìjíríà lónìí, ìyẹn RAM, ibi tí fóònù ń gbé app tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sí, tí wọ́n ń fẹ̀ lórí páálí. Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ 16GB RAM gàdàgbà, tí wọ́n sì kọ 8GB+8GB wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀. RAM tó wà nínú fóònù yẹn jẹ́ 8GB. 8GB kejì kì í ṣe RAM, ààyè tí wọ́n bù nínú ibi ìpamọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. RAM irú LPDDR4X tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù olówó kékeré ń gbé nǹkan bíi 14GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. eMMC 5.1 kò lè ju 0.4GB lọ. Ìyára RAM gidi ju ti èyí tí wọ́n yá yẹn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 30. Ìyẹn nìkan kọ́. Chip ìpamọ́ ní iye ìgbà tí a lè kọ nǹkan sórí rẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́, RAM kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Tí fóònù bá wá ń ti app bọ ibi ìpamọ́ tó tún ń fà á jáde látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ńṣe ló ń jẹ ọjọ́ ayé chip náà. Nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́ tán, fóònù á dúró sójú lógò, kò ní wọlé mọ́, fọ́tò ọmọ, nọ́ńbà ènìyàn àti àkọsílẹ̀ gbèsè oníṣòwò á bá a lọ. Àwa máa ń gba oníbàárà níyànjú pé kó wọ Settings, kó wá ibi tí wọ́n ti kọ Memory Extension, MemFusion tàbí RAM Plus, kó pa á, kó sì tan fóònù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lára èyí tó ní RAM gidi 6GB sókè, kì í mọ̀ pé nǹkan kan ti kúrò.

A kò sọ pé fóònù olówó kékeré kò dára. Fóònù tó ní bátìrì 5000 mAh pẹ̀lú sikirín 720p lè lo ọjọ́ méjì, nígbà tí èyí tó wọ́n jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin ń wá ṣájà ní ìrọ̀lẹ́. Níbi tí iná kì í ti dúró, ìwà ọlọ́gbọ́n ni kí ènìyàn ra irú rẹ̀. Tecno, Infinix àti itel ní ibi àtúnṣe tiwọn, Carlcare, ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ẹ̀yà ara wọn kò sì wọ́n. A mọyì ìyẹn. Kí wọ́n ṣáà sọ òótọ́ RAM wọn fúnni.

Àwọn ìyàtọ̀ kan sì wà tí páálí kò lè sọ tán, tó jẹ́ pé àwa tó ń tú u nìkan ló ń rí wọn. Lábẹ́ chip ńlá kan lórí bọ́ọ̀dù, àwọn bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tí à ń yọ́ fi lẹ nǹkan) kéékèèké wà tó so chip mọ́ bọ́ọ̀dù, òmíràn nínú wọn kò ju hóró iyọ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kó pẹ́ á da góòmù líle kan sábẹ́ chip náà, tí yóò di gbogbo àlàfo àárín àwọn bọ́ọ̀lù náà, tó fi jẹ́ pé bí fóònù bá tẹ̀ tàbí tó jábọ́, góòmù ló máa gba ìpalára kì í ṣe lẹ́ẹ̀dì. Tí a bá gbé irú chip bẹ́ẹ̀, hot air, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, á pẹ́ lórí rẹ̀, góòmù á kọ́kọ́ dúdú kó tó rọ̀. Ibi tí kò bá sí góòmù, chip á gbéra fẹ́rẹ́. iPhone 6 Plus ti ọdún 2014 fi èyí kọ́ gbogbo ayé. Ara rẹ̀ tẹ̀ wọ́rọ́wọ́rọ́, chip tó ń darí ìfọwọ́kàn kò ní góòmù lábẹ́, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń ya díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù sápò ṣòkòtò. Ìlà eérú á kọ́kọ́ máa ṣẹ́jú lókè sikirín, lẹ́yìn náà sikirín kò ní gbọ́ ọwọ́ mọ́. A pààrọ̀ sikirín, kò yí padà, nítorí orí bọ́ọ̀dù ni àrùn wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016 ni Apple gbé ètò àtúnṣe kalẹ̀ fún un, 149 dọ́là lọ́wọ́ oníbàárà. Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà, LG gbà pé LG G4 tó ń tan tó ń kú fúnra rẹ̀, àwọn ẹ̀yà orí bọ́ọ̀dù rẹ̀ ni kò di ara wọn mú dáadáa.

Apple náà ti ta fóònù tí inú rẹ̀ pín sí méjì. Chip A9 tó wà nínú iPhone 6s ti ọdún 2015, Samsung ṣe àwọn kan, TSMC ṣe ìyókù. Nígbà tí ariwo ta, Apple jáde, ó ní ìyàtọ̀ bátìrì láàárín wọn kò ju 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé-iṣẹ́ ńlá kò lè gba gbogbo ẹ̀yà lọ́wọ́ olùtajà kan ṣoṣo, ó yé wa. Tí ìyàtọ̀ bá kéré bí irú èyí, kí wọ́n sọ ọ́. Tó bá tó ti P10, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì mìíràn.

Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ní ìṣòro tirẹ̀. Láti orí iPhone 14 ti ọdún 2022 ni Apple ti yọ ihò SIM kúrò lára èyí tó ń tà ní Amẹ́ríkà, eSIM nìkan ló kù, ìyẹn SIM inú fóònù tí kì í ṣe káàdì. Ìdí nìyí tó fi dínwó lọ́jà wa, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á láti gbé SIM màmá rẹ̀ sí i á délé kó tó mọ̀. Àwọn Android olówó kékeré tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà ń tà, bándì tibẹ̀, ìyẹn ìgbì rédíò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà, ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Níbí, 4G wa wà lórí 700, 800, 1800 àti 2600 MHz, 5G sì wà lórí 3.5 GHz. Fóònù tí kò bá ní 800 lè ní 4G dáadáa ní àárín ìlú, kó sì já sí 3G tàbí 2G nígbà tó bá wọ inú ilé tàbí tó dé ìgbèríko. Oníbàárà á máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bẹ́ẹ̀ fóònù rẹ̀ ni kò gbọ́ èdè òpó tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ tó já lé oníbàárà léjìká lónìí, kó tó lè mọ ohun tó ń rà. Ó gbọ́dọ̀ tẹ *#06# kó fi IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, tó bá yọ lójú fóònù wé ti páálí. Ó gbọ́dọ̀ wọ About phone kó ka nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì dé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ Samsung, kó tẹ *#0*#, kó wo pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ojú ọ̀run bóyá ìlà tàbí àbààwọ́n wà lójú rẹ̀. Tó bá jẹ́ iPhone, kó wo lẹ́tà tó ṣíwájú nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì nínú About: M ni wọ́n tà ní tuntun, F ni Apple tún ṣe kó tó tà á, N ni wọ́n fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Kó wo Parts and Service History bóyá wọ́n ti pààrọ̀ sikirín tàbí bátìrì. Kó gbé app tó ń wọn ibi ìpamọ́ sórí Android, kó dúró ìṣẹ́jú méjì. Nínú oòrùn, láàárín èrò, pẹ̀lú òǹtajà tó ń ní kó yára. Òfin yín sọ pé ọjà tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ ní àkọlé tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwa kò tíì rí páálí tòkunbọ̀ tó ní i.

Ní Yúróòpù, láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 2025, fóònù tuntun kò lè wọ ọjà láìní àmì tó ń sọ bí bátìrì rẹ̀ ṣe ń pẹ́ sí, bó ṣe rọrùn tó láti tún un ṣe, àti bó ṣe lè fara da jíjábọ́ àti omi. Bátìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì di 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ mú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti chájì rẹ̀ láti òfo dé kíkún ní ìgbà 800. Ẹ̀yà àtúnṣe gbọ́dọ̀ wà fún ọdún 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá dáwọ́ títà á dúró, update sì gbọ́dọ̀ wà fún ọdún 5. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2024, dandan ni kí ilé-iṣẹ́ sọ ìgbà tí update ààbò yóò fi wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ nǹkan wọ̀nyí fún wọn lọ́hùn-ún náà ló ń ta fóònù fún wa níbí. Wọ́n ti ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Kò ná wọn ní nǹkan kan láti tẹ̀ ẹ́ sára páálí tiwa.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ kó wà lára páálí, lóde, níbi tí ojú ti lè rí i láìjá èdìdì, kò pọ̀: nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì tó pé pẹ̀lú orúkọ chip, RAM gidi nìkan, kí wọ́n má fi ohunkóhun kún un, irú ibi ìpamọ́, bóyá eMMC tàbí UFS, àti nọ́ńbà rẹ̀, bándì 4G àti 5G, bóyá ihò SIM wà, àti oṣù pẹ̀lú ọdún tí update ààbò yóò parí. Tí ilé-iṣẹ́ bá yí chip tàbí ibi ìpamọ́ padà láàárín kan, kí nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì náà yí. Lára tòkunbọ̀ tí kò ní páálí, kí òǹtajà kọ nǹkan wọ̀nyí sínú rìsíìtì, kó sì kọ ọ́ bí wọ́n bá ti pààrọ̀ sikirín tàbí bátìrì.

NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ló ń fọwọ́ sí fóònù kó tó gba ìyọ̀ǹda lílò ní Nàìjíríà, ètò rédíò rẹ̀ sì ni wọ́n ń wò jù. Tí ẹ bá jọ jókòó, ẹnu ọ̀nà kan náà yẹn ni ìwé tí a ń bèèrè lè gbà wọlé, láìsí pé ẹ tún kọ́ ọ́fíìsì tuntun. Ẹ fún àwọn tó ń kó fóònù wọlé ní oṣù 6. Èyí tó ti wà nínú ilé ìkẹ́rù-sí, kí wọ́n lẹ sítíkà mọ́ ọn.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ ra fóònù méjì tí orúkọ wọn jọra, tí nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì wọn yàtọ̀, kí ẹ gbé wọn wá. A ó tú wọn lójú yín lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì gbé ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá (microscope) sórí chip ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwa ẹnjiníà tó ń tún fóònù ṣe